Fíláàṣì Ìyá Aránṣọ àti Ikùn Tí A Kò Gbọdọ̀ Dárúkọ

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ lánàá tó jẹ́ pé, kí wọ́n tó dá a tán, adájọ́ fúnra rẹ̀ ti ń wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ sá lọ.

Ìyá Aránṣọ ló pe ẹjọ́. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni àbúrò ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ̀ọ́tán, nítorí pé kò sí ohun tí ẹ bi í tí yóò ní òun kò mọ̀. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá kò ju ìka ọwọ́ lọ: fíláàṣì dúdú kékeré kan tí wọ́n ń fi kó nǹkan láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, tó ní bọ́tìnnì nọ́ńbà lára bíi ti fóònù àtijọ́.

Ìyá Aránṣọ ti gbàdúrà kó tó kúrò nílé. Ó bẹ Olúwa pé kó fi ọ̀rọ̀ tó yẹ sí òun lẹ́nu, kó sì bá òun ti ẹnu náà nígbà tó bá yẹ. Àdúrà kejì yìí ló wúwo jù lọ́kàn rẹ̀, torí pé nínú gbogbo ẹjọ́ náà, orúkọ kan wà tí kò gbọdọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Baálẹ̀ jókòó sí àárín tábìlì gígùn, nínú aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ìyá Ààfin, aya rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ka ìwé orin rẹ̀ pẹ̀lú ìgò lójú. Lápá ọ̀tún ni Ọ̀gá Ọlọ́pàá wà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ yòókù ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn, torí fáànù òkè ń yí bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú.

"Ìyá Aránṣọ, kí ló dé?" Baálẹ̀ béèrè.

"Bàbá, ẹ bá mi bi ọkọ mi kékeré yìí. Mo ní kó bá mi ti ilẹ̀kùn, ó ti èmi gan-an mọ́ ìta."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Fíláàṣì yìí ni. Ìwọ̀n gbogbo oníbàárà mi ló wà nínú rẹ̀. Àyà, ikùn, ìdí, gígùn apá, kò sí èyí tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún. Aránṣọ ni ìyá tó bí mi. Kí Olúwa tó pè é, ó ya àwòrán aṣọ tí ọmọ mi obìnrin máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ya ọrùn, ó ya apá, ó ya bí a ó ṣe gé e. Nígbà tó yá, òjò jò wọ ilé wa, bébà náà rà. Èyí tí mo ti kó sínú fíláàṣì nìkan ló kù láyé. Ìgbéyàwó sì ti wọlé dé."

Ìyá Ààfin bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Ẹ ò rí i ṣí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án la ti gbìyànjú, Bàbá. Fíláàṣì yìí sì ní ìwà kan. Tí èèyàn bá ṣi nọ́ńbà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹyọ kan ló kù fún wa."

Ọ̀gá Ọlọ́pàá na ọwọ́. "Gbé e wá. Mo ti já àgádágodo tó tóbi ju orí mi lọ."

"Tẹ́ ẹ bá já a, Bàbá, wáyà lẹ máa bá níbẹ̀," Mọ̀ọ́tán dáhùn. "Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di àdììtú. Láìsí nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó lè kà á. Èmi tí mo tì í gan-an ò lè kà á."

"Ẹ rí i bó ṣe ń yangàn," Ìyá Aránṣọ wí.

Baálẹ̀ yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sọ?"

"Kí ẹ pẹ́ fún wa, Bàbá. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ṣẹ̀ ni pé mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa jù. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí fíláàṣì ìyàwó wa kọ́kọ́ bọ́ sọnù ní ibùdókọ̀?"

Ta ni kò rántí? Ẹni tó rí i he ní òun kàn fẹ́ ṣí i kí òun lè mọ ẹni tó ni ín ni. Àmọ́ nígbà tó ṣí i, ó bá ìdí olórí akọrin pàdé, ó sì kà á sókè. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé, àwọn ọmọdé ti ń fi ìwọ̀n àwọn ìyá akọrin ṣe eré. Ohùn kìíní kò bá ohùn kejì sọ̀rọ̀ mọ́, torí kálukú ti mọ ẹni tó sanra ju ẹni lọ. Ìyá Aránṣọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí, kò rí ẹni tó gbé aṣọ wá.

"Òun ló fi ẹkún wá bá mi," Mọ̀ọ́tán ń bá a lọ. "Ó ní, 'Ọkọ mi, bá mi wá kọ́kọ́rọ́ kan.' Mo jókòó, mo yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń fi í ti fíláàṣì. Ó dára, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe irú tirẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n ṣí, bẹ́ẹ̀ ti ìyàwó wa yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń bá a tẹ àwòrán. Òmíràn dà bí àpótí tí èèyàn gbé sínú fíláàṣì tó sì tì í. Òun náà dára, àmọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ bá gbé e dé, ẹ ó kọ́kọ́ fi ètò kan sí i kó tó lè ṣí. Ìyàwó wa ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ni mo bá mú èyí. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ó ń ti ara rẹ̀, kò sì bẹ kọ̀ǹpútà kankan."

"Ó sì ń pa ara rẹ̀," Ìyá Aránṣọ fi kún un.

"Ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni."

"Ṣé o sọ fún un pé ó máa ń pa nǹkan rẹ́?" Baálẹ̀ béèrè.

"Mo sọ fún un. Ó ní pínnì lẹ́nu nígbà yẹn, ó kàn mi orí ni."

"Bàbá, ta ló lè fi pínnì bi èèyàn ní ìbéèrè?"

"Kọ́kọ́rọ́ kejì ńkọ́?" Ọ̀gá Ọlọ́pàá béèrè. "Ilé mi ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọmọ mi."

Mọ̀ọ́tán họ orí. "Ó ṣeé ṣe láti fi nọ́ńbà kejì sí i, kí ẹlòmíràn bá èèyàn tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ ìgbàgbé. N kò fi sí i."

"Kí ló dé?"

"Ilé tó bá ní ilẹ̀kùn méjì, olè méjì ló ń pè."

"O ò wá ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀ síbòmíràn?"

"Àṣírí tó bá ti di méjì, kì í ṣe àṣírí mọ́, Bàbá."

Ìyá Ààfin gbójú sókè. "Kí ló wá dé tí ìwọ fi ní ṣòkòtò méjì?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mọ̀ọ́tán nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Bébà tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí tẹ́lẹ̀ dà?" Baálẹ̀ tún béèrè.

"Ó ní kí n sun wọ́n, Bàbá," Ìyá Aránṣọ dáhùn. "Ó ní bébà kò ní kọ́kọ́rọ́."

"Òótọ́ ni," Mọ̀ọ́tán wí. "Kò ní."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ó dára. Ta ló yan nọ́ńbà tí ẹ fi tì í?"

"Ìyàwó wa ni, Bàbá. Ẹ bi í."

Ibi tí Ìyá Aránṣọ kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé nìyí, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sì gbà. Ó fa gèlè rẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Ìyá Aránṣọ, ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ yan nọ́ńbà. Ṣé o wá gbàgbé rẹ̀ ni?"

"Ó ní kí n mú nọ́ńbà tí kò sẹ́ni tó lè méfò, Bàbá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn oníbàárà kan tán ni nígbà yẹn. Mo bá fi àyà rẹ̀, ikùn rẹ̀ àti gígùn ṣòkòtò rẹ̀ ṣe é. Mo mọ̀ pé ní gbogbo ìlú yìí, èmi nìkan ni mo mọ ìwọ̀n ẹni náà."

"Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. O wá gbàgbé."

"N kò gbàgbé, Bàbá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀."

"Síbo?"

"Sínú fíláàṣì."

Fáànù yí, ó tún yí.

Ọ̀gá Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ẹ jẹ́ kó yé mi dáadáa. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wà nínú àpótí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"A sì ti ti àpótí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ rí i báyìí," Mọ̀ọ́tán sọ jẹ́jẹ́, "pé ẹ̀bi kọ́kọ́rọ́ kọ́."

"Ìwọ dákẹ́," Baálẹ̀ wí.

Ìyá Aránṣọ ní àyà àti gígùn ṣòkòtò kò ṣòro, òun rántí àwọn yẹn. Ikùn ni kò dúró lọ́kàn òun. Nígbà náà ni wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Agéṣọ ni, ọkùnrin tó ń bá Ìyá Aránṣọ gé aṣọ, ó sì gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ wá sí ààfin bí ẹni tó gbé ìwé ẹ̀rí wá.

"Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe nọ́ńbà yìí?"

"Mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, Bàbá. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ṣe é."

"Kí lo gbọ́?"

"Mo gbọ́ ogójì."

"Kì í ṣe ogójì," Ìyá Aránṣọ wí.

"Ọ̀gá, mo gbọ́ ogójì."

"Ogójì ni oníbàárà sọ. Kì í ṣe ohun tí téèpù sọ nìyẹn."

"Ta ni oníbàárà náà?" Baálẹ̀ béèrè lọ́wọ́ Agéṣọ.

"N kò rí i, Bàbá. Àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n rí wọn, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́."

"Irú ohùn wo ni?"

"Ohùn ẹni tó fa ikùn sínú."

"Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ìyẹn?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì, Bàbá. Kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí àga rẹ̀ fi dún. Ìyá Aránṣọ wo ilẹ̀, ó ń pe Olúwa nínú ọkàn.

"Kí lẹ wá tẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án yẹn?"

"Mo tẹ ogójì, kò ṣí," Agéṣọ dáhùn. "Mo fi ààyè rírán kún un, torí a kì í gé aṣọ lé ìwọ̀n ara gan-an, ọwọ́ wa ti mọ́ ọn lára kó máa fi díẹ̀ kún un. Kò ṣí. Ọ̀gá mi ní mò ń ba nǹkan jẹ́, ló bá gbà á. Òun náà tẹ̀ ẹ́ títí. Mọ̀ọ́tán wá dé, ó ní ká fún òun láyè. Ó tẹ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀."

"Kí ló kan ọjọ́ ìbí rẹ níbẹ̀?"

"Mo rò pé ìyàwó wa fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo fẹ́ràn rẹ," Ìyá Aránṣọ wí. "Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà kò dé inú fíláàṣì."

Ọ̀gá Ọlọ́pàá tẹ ara síwájú. "Ìyá Aránṣọ, nígbà tí ìwọ ń tẹ̀ ẹ́, mélòó lo bá a dé?"

"Mo bá a dé mẹ́rìndínláàádọ́ta."

"Kí ló dé tó ò lọ sókè sí i?"

"Ọ̀wọ̀ ni, Bàbá."

"Ọ̀wọ̀ báwo?"

"Mo rò ó pé ó ṣeé ṣe kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìka mi kọ̀. Mi ò lè tẹ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ lu tábìlì. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u, oúnjẹ ọ̀sán sì ti ń rùn wá láti ilé ìdáná. "Ó tó. Dárúkọ ẹni náà, kí a ránṣẹ́ pè é, kí a rí àrídájú ikùn rẹ̀. Kí lèèyàn tiẹ̀ ń fi ikùn pamọ́ sí? Ṣé kì í ṣe Olúwa ló dá a?"

"Bàbá, mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un."

"Mo tú ọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ́ náà. Dárúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tóbi ju ìdájọ́ lọ nínú ìlú yìí."

"Ẹnìkan wà, Bàbá."

"Ta ni?"

Ìyá Aránṣọ ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ìyá Ààfin rọra pa ìwé orin rẹ̀ dé. Ó wo Ìyá Aránṣọ, ó wo ọkọ rẹ̀, ó tún wo Ìyá Aránṣọ.

"Bàbá wọn," ó wí, "aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ nígbà tí a ń dúpẹ́ àyájọ́ ìgbéyàwó wa, ta ló rán an?"

Baálẹ̀ la ẹnu láti fèsì, ẹnu náà sì wà ní lílà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ rí i bí aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà ṣe rọra dín kù níwájú, bíi bọ́ọ̀lù tí atẹ́gùn ń jáde nínú rẹ̀. Ó ti fa ikùn sínú. Ojú rẹ̀ yà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Mo rò pé," ó wí, "kí a sún ẹjọ́ yìí síwájú."

Agéṣọ fò dìde. "Ohùn yẹn nìyí."

"Jókòó," Ìyá Aránṣọ wí, ó sì fà á ní aṣọ.

"Sún un sí ìgbà wo, Bàbá?" Ọ̀gá Ọlọ́pàá béèrè.

"Lẹ́yìn ìgbéyàwó."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó tóbi ju ìdájọ́ lọ ni," Ìyá Ààfin rán an létí.

"Ogójì ni ikùn mi. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ogójì la kọ́kọ́ tẹ̀, Bàbá," Agéṣọ wí láti orí ìjókòó. "Kò ṣí."

"Ó ṣeé ṣe kí fíláàṣì náà ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́, Bàbá," Mọ̀ọ́tán wí. "Kò sí bí fíláàṣì ṣe lè parọ́." Ó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, ó sì wá ẹ̀yìn Agéṣọ lọ.

"Ẹ jẹ́ ká mú téèpù ká wọ̀n wọ́n," Ọ̀gá Ọlọ́pàá dábàá.

Ìyá Aránṣọ mi orí. "Kò ní wúlò. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo wọ̀n wọ́n. Ìwọ̀n ti ọjọ́ yẹn la ń wá, kì í ṣe ti òní."

"Òótọ́ ni," Ìyá Ààfin wí. "Wọ́n ti ní ìlọsíwájú látìgbà yẹn."

"Ṣòkòtò ọjọ́ náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wọn òun."

"Mo ti tú u lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún ti tú u lẹ́yìn. Kò jọ ohun tí wọ́n rán mọ́."

Ni gbogbo ọ̀nà bá dí. Ìyá Aránṣọ kúnlẹ̀. Kò ní in lọ́kàn láti kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀.

"Bàbá, Olúwa mọ̀ pé n kò pe ẹjọ́ yìí kí n lè dójú tì yín. Ti ìwọ̀n oníbàárà kò le, mo lè tún wọn gbogbo ìlú. Àmọ́ ọwọ́ tó ya aṣọ yẹn kò ní ya nǹkan mọ́ láyé yìí. Ojoojúmọ́ lọmọ mi ń pè mí, á ní, 'Mọ́mì, ṣé ẹ ti ń gé aṣọ Mọ́mì àgbà?' Èmi á ní ó ń lọ. Kò lọ, Bàbá. Kò tíì kúrò lójú kan."

Baálẹ̀ mú aṣọ ìnujú, ó nu iwájú orí.

"Mo mọ nọ́ńbà náà," ó wí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Nígbà tó o wọ̀n mí tán, tó o rọra ka ohun tí téèpù sọ, mo gbọ́ ọ. Kò kúrò létí mi látìgbà náà. Bí mo bá jókòó láti jẹun, òun ló ń kọ́kọ́ bá mi jókòó." Ó na ọwọ́. "Dìde, ọmọ mi. Mú fíláàṣì náà."

Ìyá Aránṣọ tẹ nọ́ńbà àyà. Ìka rẹ̀ dúró sórí bọ́tìnnì, ó ń retí ti ikùn.

"Mẹ́rìnlélógójì," Baálẹ̀ wí.

Ìyá Ààfin wúkọ́.

"Má tíì tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ sọ pé méjìdínláàádọ́ta ni."

Ìyá Ààfin tún wúkọ́.

"Bàbá," Ọ̀gá Ọlọ́pàá wí, "ẹyọ kan péré ló kù o."

"Mo mọ̀. Àádọ́ta."

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́, Bàbá?"

"Má tẹ̀ ẹ́." Baálẹ̀ wo òkè, ó wo fáànù. "Ẹ gbọ́, lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni."

Ìyá Aránṣọ sún mọ́ ọn, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń bá gbogbo oníbàárà sọ̀rọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, àgbà àti ọmọdé, olówó àti tálákà.

"Ẹ mí síta, Bàbá."

Baálẹ̀ mí síta. Aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà kún padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, bọ́tìnnì kan já, ó sì yí lọ sábẹ́ tábìlì.

"Mẹ́tàléláàádọ́ta," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ.

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ààfin. Ìyá Ààfin kò wúkọ́.

Ìyá Aránṣọ tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ gígùn ṣòkòtò tẹ̀ lé e. Iná pupa tàn lára fíláàṣì náà, ó ṣẹ́jú, ó sì di àwọ̀ ewé. Mọ̀ọ́tán gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá kíákíá, ó kì í bọ̀ ọ́, àwòrán náà sì yọ: ọrùn róbótó, apá tó gùn dé ọrùn ọwọ́, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, ọ̀rọ̀ kan tí ìyá àgbà fi pẹ́ńsù kọ síbẹ̀: "Ẹ má jẹ́ kó fún un láyà. Ó máa fẹ́ kọrin."

Ìyá Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Ààfin wá dúró tì í, ó sì gbá a mọ́ra. Baálẹ̀ fun imú rẹ̀ kíkan, ó sì dìde láti dá ẹjọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fa ikùn kankan sínú.

"Ìyá Aránṣọ, o jẹ̀bi díẹ̀. Ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú àpótí, tó sì ti àpótí náà, kò yẹ kó bínú sí àpótí. Ṣùgbọ́n ẹkún tó o sun ti tó. Mọ̀ọ́tán, jáde lẹ́yìn Agéṣọ."

Mọ̀ọ́tán jáde.

"Ẹ̀rù olè nìkan lo fi yan kọ́kọ́rọ́ fún obìnrin yìí. Olè kò wá. Ìgbàgbé ló wá, o ò sì ṣí ilẹ̀kùn kankan sílẹ̀ fún òun. Láti òní lọ, kó o tó ti nǹkan fún ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ bi í léèrè: kí lẹ ń bẹ̀rù jù, kí ẹlòmíràn rí i ni, àbí kí ẹ̀yin fúnra yín má rí i mọ́? Ìdáhùn tó bá fún ọ ni kó o fi yan kọ́kọ́rọ́. Kó o tó kúrò níbí, ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú fíláàṣì yìí sínú òmíràn, tì í, fi nọ́ńbà kejì sí i fún ọjọ́ ìgbàgbé, kí Ìyá Ààfin bá wa tọ́jú rẹ̀. Ẹ yí nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ náà padà. Ikùn èèyàn kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Kì í dúró lójú kan."

"A gbọ́, Bàbá."

"Ó ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ nọ́ńbà kan lónìí." Baálẹ̀ wo gbogbo gbọ̀ngàn yíká. "Ìyá Aránṣọ, mú téèpù rẹ. Wọn ikùn gbogbo ẹni tó wà níbí, kó o sì kọ ọ́ sínú fíláàṣì, pẹ̀lú orúkọ wọn. Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ tèmi níta, a ó ka gbogbo tiyín ní ọjà."

Ọ̀gá Ọlọ́pàá gbé ọwọ́ sókè. "Bàbá, èmi ò gbọ́ nọ́ńbà kankan o. Etí mi ti ń ro láti àárọ̀."

"Òun ni kó o kọ́kọ́ wọ̀n."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń fa ikùn sínú, Ìyá Ààfin sì ń tẹ̀ lé téèpù kiri, ó ń sọ pé, "Mí síta, mí síta, Olúwa ń wò ọ́." Agéṣọ ló wọn Mọ̀ọ́tán. Ó wọn ikùn rẹ̀, ó dúró, ó wọn àyà, ó tún wọn èjìká.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan. Ìwọ̀n ìyàwó tuntun gan-an nìyí, láti ọrùn dé ẹsẹ̀."

Baálẹ̀ tó ti jókòó tún dìde. "Níbo ni ìyàwó tuntun náà wà?"

"Nọ́ọ̀sì ni, Bàbá," Ìyá Aránṣọ dáhùn. "Wọn ò tíì fún un láyè lẹ́nu iṣẹ́. Kò ní dé títí ìgbéyàwó á fi ku ọ̀la. Ohun tó tún kó mi lọ́kàn sókè nìyẹn. N kò rí ara tí màá fi dán aṣọ náà wò."

"O ti rí i."

"Bàbá," Mọ̀ọ́tán wí, "ọkùnrin ni mí."

"Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ìwọ lo dá iṣẹ́ Ìyá Aránṣọ dúró. Láti àárọ̀ ọ̀la títí aṣọ náà á fi parí, ara rẹ ni yóò máa dán an wò."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn."

"Àwọn tó ní àṣírí ló ni yàrá ẹ̀yìn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni tìrẹ, lẹ́bàá gíláàsì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Mo ti dájọ́. Ẹ gbé oúnjẹ wá."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé, láàárọ̀ yìí, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ kọjá yóò rí Mọ̀ọ́tán lẹ́yìn gíláàsì, nínú aṣọ funfun tó wọ́ dé ilẹ̀, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fò. Ìyá Aránṣọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń gún etí aṣọ ní pínnì, ó ń kọ orin ìyìn lábẹ́ ẹnu. Obìnrin oníṣòwò kan wọlé, ó mú fíláàṣì tuntun lọ́wọ́, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá ẹni tó ń ti fíláàṣì."

"Èmi ni, ma," Mọ̀ọ́tán dáhùn, kò lè yí ọrùn.

"Ṣó o rí i, èyí tó le jù ni mo fẹ́. Èyí tí kò sí ẹ̀dá tó lè ṣí i."

Mọ̀ọ́tán mí kanlẹ̀, pínnì kan sì gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ fa àga, ma, ẹ jókòó, ká sọ̀rọ̀ dáadáa," ó wí. "Èyí tó le jù ló wọ̀ mí láṣọ."